Ibà Tó Ṣe Kọ̀ǹpútà Tí Àwáwù Gbé Wálé

Ilé Ràmọ́nì Ahunṣọ,
Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1989.

Àwáwù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì. Ṣé ara yín le ní Èkó níbẹ̀? Ara tiwa le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba. A kò ní gbọ́ ìròyìn burúkú nípa yín, omi òkun tí ẹ kọ́lé tì kò ní fi ibi ìsàlẹ̀ ilé yín ṣe ọ̀nà, mọ́tò tí ẹ ń wọ̀ kò ní gbàgbé ibi tó ń gbé yín lọ. Àmín. Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o, n kò bẹ akọ̀wé kankan. Ìwé kejì ni mo kà tí bàbá mi fi mú mi jókòó sídìí òfì, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ka ìwé kejì náà, àwọn kan tó ka ìwé mẹ́wàá ní àdúgbò wa kò kà á tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ẹ̀gẹ́ tó gbìn sí ọ̀nà Ìgànná ta dáadáa, pé ewúrẹ́ pupa ti bí ìbejì, àti pé kí o má máa jẹ oúnjẹ tútù. Ọyẹ́ ọdún yìí le gan-an. Ètè gbogbo ènìyàn ti là, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín láàárọ̀ yóò fi ọwọ́ di ẹnu mú. Eruku ti bo orí òrùlé, ó bo orí oúnjẹ, tí a bá na aṣọ sórí okùn kí ó lè gbẹ, eruku la máa ń ká wọlé.

Ìròyìn ilé nìyẹn. Ó wá ku ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí o gbé wá, nítorí ó ti sú mi, ó sú ìyá rẹ, ó sì ti sú jẹnẹrétọ̀ tí kò lẹ́nu tí yóò fi sọ ọ́.

Nígbà tí o gbé e dé ní Iléyá, tí o ní ọ́fíìsì yín ti ra tuntun ni wọ́n ṣe fi èyí ta ọ́ lọ́rẹ, mo wò ó, ó dà bí àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ tí àwọn télọ̀ máa ń gbé kiri, mo ní ohun rere ni. O ṣí i, ó lójú bí tẹlifíṣàn kékeré. O kó gbogbo ìlà aṣọ tí mo ti ń hun láti ọjọ́ tí mo ti dá òfì tèmi sílẹ̀ sínú rẹ̀, o ní tí oníbàárà bá dé, kí n kọ orúkọ aṣọ síbẹ̀, kí n tẹ bọ́tìnnì ńlá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, pé ìlà aṣọ náà yóò yọ lójú rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan òwú rárá. Lóòótọ́ ló ń yọ. Àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀ ń yọ, àlàárì tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ ewé, ẹ̀tù tó dúdú bí ìkòkò, àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n mo ní bóyá bí ojú àwọn tó ṣe é ṣe ríran nìyẹn. Gbogbo ìgbà òjò ló fi ṣiṣẹ́. Àwọn ènìyàn ń ti Ìwéré-Ilé wá, wọ́n ń ti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wá, láti wá wo ilé Ràmọ́nì tí àpótí ti ń ya aṣọ. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n jókòó pẹ́ díẹ̀ kí n tó ṣí i.

O mọ̀ pé Bàbá Olúkúnlé tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ahunṣọ wa ti lọ sọ́run lẹ́yìn ìkórè iṣu, kí Ọlọ́run dárí jì í. Ipò náà wá ku èmi àti Mákindé. Mákindé yìí, mo ti ń hun aṣọ fún àwọn ọba kí ó tó mọ bí a ṣe ń so òwú tó já, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ dùn, àwọn kan sì fẹ́ràn ẹnu. Àwọn àgbà ẹgbẹ́, tí Bàbá Gbádébọ̀ ṣíwájú wọn, ní àwọn yóò dé ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, kí kálukú fi ohun tí yóò fi gbé iṣẹ́ wa ga han àwọn, kí àwọn tó mú ẹnì kan. Mo dìde nínú ìpàdé, mo gbọn ẹ̀wù mi, mo ní tí wọ́n bá dé ilé tèmi, wọn yóò rí aṣọ tí a kò tíì hun. Mákindé ní òun náà yóò bá wọn wá, òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí.

Àwáwù, bí mo ṣe délé lọ́jọ́ náà ni kọ̀ǹpútà rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn.

Ó kọ́kọ́ ń lọ́ra. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì, màá lọ ṣe àlùwàlá, màá kírun Àsárì, màá bá Jẹ́ẹ́dé télọ̀ tó ń jókòó ní iwájú ilé wa sọ̀rọ̀ lórí owó orí, tí mo bá padà dé, yóò ṣì máa ṣẹ́jú sí mi. Tó bá wá wù ú, yóò yọ ìlà kan, yóò sinmi, yóò yọ ìkejì, ojú rẹ̀ yóò ṣókùnkùn, ó dákú. Màá gbá a lẹ́yìn díẹ̀, á jí, á tún dákú. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, ilé bàbá rẹ̀ ló máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo kọ́kọ́ rò pé iná ló fà á, nítorí iná tiwa tó bá di ìrọ̀lẹ́, àtùpà epo á máa fi í ṣe ẹlẹ́yà. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ mi jáde, èyí tí mo fi èrè aṣọ ìyàwó kan ṣoṣo rà, tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí wọ́n ń mọ̀ pé Ràmọ́nì wà nílé. Kò yí nǹkan kan padà. Ìgbà náà ni mo kọ̀wé sí ọ. O sì dá mi lóhùn pé kí n má jẹ́ kí eruku ọyẹ́ ráyè wọ inú rẹ̀, kí n jẹ́ kó máa sinmi, kí n gbé e síbi tó tutù, tí kò bá gbọ́, kí n pa á kí n tún un tàn. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe. Mo ṣe ju bí o ṣe wí lọ. Nítorí náà má tún kọ̀wé sí mi pé bóyá n kò ka lẹ́tà rẹ délẹ̀.

Eruku ni mo kọ́kọ́ mú ṣe. Bí mo ṣe ń yí i wò láti mọ ibi tí eruku lè gbà wọlé, mo rí àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sí i, atẹ́gùn ń jáde. Àṣé jíjò ló ń jò látọjọ́ yìí. Ọdún tí mo fi gun kẹ̀kẹ́ lọ ta aṣọ ní Ṣakí kò kéré, mo mọ ohun tí taya tó jò ń ṣe fún ènìyàn lójú ọ̀nà. Ohun tó bá ń tú atẹ́gùn dànù, agbára rẹ̀ ló ń tú dànù, kò sì sí bí kò ṣe ní lọ́ra. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó lójoojúmọ́ ní ọ́fíìsì, tí ẹ ń wọ bàtà, tí ẹ ń gba owó oṣù, ẹnì kan nínú yín kò fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí. Mo mú òwú, kì í ṣe òwú ọjà o, òwú tí ìyá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran, mo fi ìdí abẹ́rẹ́ tì í wọ inú ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi dí pátápátá. Atẹ́gùn kankan kò jáde mọ́. Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi, ó ní ṣé kì í ṣe imú rẹ̀ ni mo ń dí yẹn. Mo ní kó lọ wo ewúrẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ara rẹ̀ gbóná. Mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e lórí bí a ṣe ń ṣe fún ọmọdé, ó ń jó mi. Ọkàn mi balẹ̀, mo ní ibà nìyẹn, a ti rí i mú. Ìwọ náà ò lè gbàgbé bí a ṣe ń wo ibà nínú ilé yìí. Nígbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀ ní kékeré, aṣọ òfì ni mo dà bò ọ́, mo tún da òmíràn lé e, o ń sunkún pé ooru ń mú ọ, n kò dá ọ lóhùn, títí o fi làágùn tí o béèrè oúnjẹ. Mo ní kọ̀ǹpútà yìí náà yóò làágùn. Mo da aṣọ bò ó, kò làágùn. Mo tún da òmíràn lé e, kò làágùn, ṣùgbọ́n ó túbọ̀ gbóná sí i, èyí tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ibà náà ti ń jáde bọ̀.

Ohun tí mo wá rí ni pé aṣọ ilé kò bá a lára mu, ó ń yọ̀ bọ́, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Mo jókòó sídìí òfì, mo hun sányán fún un. Mo hun ún débi pé bí o bá da omi sí i, omi náà yóò ronú kí ó tó kọjá. Mo gbé e fún Jẹ́ẹ́dé, ó wá fi tépù wọn kọ̀ǹpútà láti èjìká dé ìdí, ó rán aṣọ náà mọ́ ọn lára pinpin bí ẹ̀wù, ojú rẹ̀ àti ibi tí a ń tẹ̀ nìkan ló kù síta. Jẹ́ẹ́dé béèrè bóyá kí òun fi àpò sí i. Mo ní kó fi sí i.

Ní ti pé kó sinmi, orí bẹ́ẹ̀dì mi ló ń sinmi, ìyá rẹ ló bọ́ sórí ẹní fún un. Ní ti ibi tó tutù, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó ni mo rò ó pé ta ló ń gbé ẹni tí ibà ń ṣe síbi tó tutù? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ tí o fi ṣì í kọ. Mo gbé e padà sí yàrá, mo ti fèrèsé, mo gbé àdògán eléèédú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ti kí n pa á kí n tún un tàn, mo pa á, mo tàn án, mo pa á, mo tàn án, títí bọ́tìnnì náà fi ń ké bí orúnkún èmi fúnra mi.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà tí ọjọ́ tí àwọn àgbà máa wá fi pé.

Mo ti gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀, nínú aṣọ rẹ̀, ó ń dán. Bàbá Gbádébọ̀ wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, o mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú, àwọn àgbà tó kù tẹ̀ lé e, Mákindé wọlé kẹ́yìn, àga tó sún mọ́ tábìlì jù ló lọ jókòó sí. Ó wo kọ̀ǹpútà nínú aṣọ, ó bi mí bóyá ìkómọ ni mo pè wọ́n sí, nítorí òun kò mú ẹ̀bùn kankan dání. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo kọ orúkọ aṣọ mi tó lókìkí jù, mo tẹ bọ́tìnnì.

A jókòó. Ìyá rẹ gbé obì wá, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ó gbé ẹ̀pà wá, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fẹ́ èèpo rẹ̀. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ nígbà ayé bàbá rẹ̀, ó sọ ọ́ tán. Ìlà kan yọ. Mo ní wọ́n rí i báyìí. Ìkejì yọ ìdajì, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, òórùn bí ìgbà tí aṣọ fẹ́ jóná jáde lára rẹ̀. Mo gbá a lẹ́yìn. Mo tún gbá a. N kò fẹ́ kí ọ̀tá mi wà níbi tí mo wà lọ́jọ́ náà.

Mákindé yíjú sí àwọn àgbà, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí àánú mi ń ṣe. Ó ní, “Ràmọ́nì kò parọ́ o. Ó ní a ó rí aṣọ tí a kò tíì hun. Bí aṣọ tí a kò tíì hun ṣe máa ń rí náà nìyẹn.”

Àwáwù, mo ti kọ́lé, mo ti lọ sí Mẹ́kà, mo ti rán ọ níwèé dé ibi tí ìwé parí sí, ṣùgbọ́n níbẹ̀ yẹn, èèpo ẹ̀pà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà nílẹ̀. Mo ti mọ̀ pé ipò náà ti lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń wá bàtà wọn.

Bàbá Gbádébọ̀ na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà kí ó lè fi tù mí nínú, bí ènìyàn ṣe máa ń fọwọ́ kan aláìsàn kó tó máa lọ. Ọwọ́ rẹ̀ bà lára aṣọ náà, kò sì gbé e kúrò mọ́. Ó fi àtàǹpàkò ra á. Ó ní ta ló hun èyí. Mo ní èmi ni. Ó ní kí wọ́n bọ́ ọ, kí wọ́n gbé e jáde sínú ìmọ́lẹ̀ fún òun. Mo ní Bàbá, ara ẹ̀rọ náà kò yá. Ó ní ta ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ni wọ́n bá pe Jẹ́ẹ́dé kó mú sísọ́ọ̀sì wá, ó tú ojú rírán náà, wọ́n bọ́ kọ̀ǹpútà rẹ sí ìhòòhò lójú gbogbo ènìyàn. Ìyá rẹ ṣí fèrèsé kí wọ́n lè ríran. Ọwọ́ Bàbá tún kan òwú inú àwọn ihò yẹn, ó fi èékánná fà wọ́n jáde lẹ́yọ lẹ́yọ, ó ní ta ló ran òwú yìí tó tín-ín-rín báyìí. Ìyá rẹ ní òun ni, ojú rẹ̀ kò wo ilẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Gbogbo wọn kó aṣọ náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n nà án, wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n bá ara wọn jiyàn. Mákindé gbà á, ó yí inú rẹ̀ síta, ó ń wá ibi tí mo ti so òwú. Ó wá a pẹ́. Kò rí kókó kankan. Ó ká a, ó fún Bàbá padà, ó jókòó.

Ibẹ̀ la wà tí ìyá rẹ fi ti inú ilé jáde tó sọ sí mi létí pé, “Bàbá Àwáwù, ẹ wá wò ó, aláìsàn yín ti jí.” Ẹ̀rọ tí a fi sílẹ̀ ní ìhòòhò nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́, tí kò sí ẹni tó gbá a, òun ló ń yọ ìlà yìí fìà fìà. Mo kọ orúkọ aṣọ mìíràn, n kò tíì gbé ìka kúrò tó ti yọ. Mo pariwo pè wọ́n. Bàbá Gbádébọ̀ wọlé, ó sún mọ́ ọn, ó wò ó, ó ní ó dára, ó ní kí ló dé tó jẹ́ àwọ̀ ewé, ó sì padà síta sídìí sányán. Níta níbẹ̀ ló ti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn: “Ẹni tó hun èyí fún àpótí lásán, tí kò rò pé ojú kankan yóò rí i, òun ni kó máa darí wa.” Mákindé ló kọ́kọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó bi mí bí mo ṣe fi kókó òwú pamọ́, mo ní tí mo bá ti jókòó lórí àga, n ó ronú sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di olórí. Síbẹ̀ inú ń bí mi. Ẹ̀rọ tí gbogbo Òkè-Ògùn ń gbọ́ òkìkí rẹ̀, ọjọ́ tí mo nílò rẹ̀ ló dákú, ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó mọ́ ló ń sáré. Bàbá Gbádébọ̀ sì ti gbé aṣọ rẹ̀ lọ sí ilé ìpàdé, ó ní ibẹ̀ ni yóò wà kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ máa wò ó, nítorí náà ìhòòhò ni kọ̀ǹpútà ń jókòó báyìí, lẹ́nu fèrèsé. Kò lọ́ra mọ́, kò dákú mọ́, ara rẹ̀ tutù bí ara ọ̀pọ̀lọ́.

Mo ti rò ó dáadáa, mo sì ti mọ ohun tó wò ó sàn. Ìtìjú ni. Mo wọ̀ ọ́ láṣọ bí ìyàwó, mo fún un ní bẹ́ẹ̀dì, mo tan iná fún un, ó ń fi mí ṣeré. Ọjọ́ tí wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò lójú àwọn àgbà àti lójú Mákindé ni orí rẹ̀ pé. Sọ fún ọ̀gá rẹ. Tí àwọn tí ẹ ń lò ní ọ́fíìsì bá ń lọ́ra, ẹ má kẹ́ wọn, ẹ bọ́ wọn sí ìhòòhò, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti ènìyàn máa wò wọ́n. N kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín lórí ìmọ̀ràn yìí.

Ohun tí n ó gbà ni èyí. Òwú sányán tí mo fi hun aṣọ náà, èyí tí mo ti ń tọ́jú fún agbádá tí èmi fúnra mi yóò fi jókòó lórí oyè ni. Kọ̀ǹpútà rẹ ló wọ agbádá mi, ilé ìpàdé ló gbà á, n kò sì lè lọ gbà á padà pé mo fẹ́ fi rán ẹ̀wù. Lẹ́yìn ọyẹ́ ni ayẹyẹ náà. Nítorí náà, bí o bá ti gba owó oṣù, fi owó òwú ránṣẹ́, owó pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀ kó wà lórí rẹ̀, kí owó màlúù sì wà lábẹ́ rẹ̀, tí màlúù bá wọ́n, àgbò méjì. Kí ìwọ àti ọkọ rẹ wá. Ẹ má gbé ẹ̀rọ kankan wá.

Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dákú lójú ẹni tó ń retí ìṣubú rẹ. Ohun tí o bá tẹ̀, kí ó dá ọ lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ibà kò ní mọ ilé rẹ, ọgbọ́n yóò dé bá ọ nínú aṣọ rẹ, kò ní jẹ́ pé wọ́n bọ́ ọ kí o tó rí i. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràmọ́nì,
Olórí Ẹgbẹ́ Ahunṣọ. (Wọn kò tíì ṣe ayẹyẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìn àpò ìwé láti ìsinsìnyí lọ, kí àwọn tó ń pín lẹ́tà lè tètè mọ̀.)